Ìbú Ṣòkòtò àti Ìyẹni: Àríwísí lórí Kẹ̀ǹbẹ̀ ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin

Ìfáárà

Ṣòkòtò gbòòrò ti padà sára ọkùnrin. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ pinpin, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi yangàn ní nǹkan bí ọdún 2010, ti ń fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí atẹ́gùn ń wọ abẹ́ rẹ̀ jáde. Bí ó ti ń padà ni ìmọ̀ràn ń tẹ̀ lé e láti Lọ́ńdọ̀nù, Milan àti New York: irú ẹ̀wù tí ọkùnrin yóò wọ̀ lé e, irú bàtà tí yóò bá a lọ, ibi tí ó yẹ kí ó mọ lẹ́sẹ̀, àti ọgbọ́n tí ẹni tí kò ga yóò dá kí ṣòkòtò má baà gbé e mì. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìṣòro náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ayé.

Ní Ọjà-Ọba, ìṣòro náà ti pẹ́. Ọjà yìí, ààfin Ẹ́míà Ìlọrin àti Mọ́sálásí Jímọ̀ ńlá ìlú wà ní sàkáání kan náà. Ọkùnrin tó bá ń ná ọjà níbẹ̀ lè ti ìdí ìsọ̀ lọ kírun, kí ó ti ibi ìrun lọ kí àgbà, kí ó sì ti ibẹ̀ gba ibi ìsoyìgì lọ, pẹ̀lú ṣòkòtò kan ṣoṣo nídìí. Ṣòkòtò tí yóò la gbogbo èyí já láìdójú ti ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè jẹ́ ṣòkòtò tí a kàn gé lásán. Kẹ̀ǹbẹ̀ ni ìdáhùn tí àwọn baba rí sí ọ̀ràn náà. Ohun tí àríwísí yìí fẹ́ fi hàn ni pé àwọn tó ń kọ̀wé lórí aṣọ Yorùbá ti tọ́jú orúkọ kẹ̀ǹbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ́ kí ọgbọ́n inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ṣòkòtò gbòòrò tún dé, wọn kò ní òṣùwọ̀n tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n.

Orúkọ láìsí ìwọ̀n

Ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas, èyí tí ó kọ parí ní ọdún 1897 ṣùgbọ́n tí kò jáde títí di ọdún 1921, wà lára àwọn ìwé tó kọ́kọ́ to irú ṣòkòtò Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ. Kẹ̀ǹbẹ̀ wà níbẹ̀, sóóró wà níbẹ̀, àwọn mìíràn tí etí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní kò gbọ́ rí náà wà níbẹ̀. Johnson kò sì dúró sórí orúkọ nìkan. Ó fi ìyàtọ̀ sáàárín èyí tó fún mọ́ ẹsẹ̀ àti èyí tó gbòòrò, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ àti ipò ẹni ní ọwọ́ nínú irú èyí tí ẹni náà ń wọ̀.

Ọ̀pọ̀ ohun tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀ kò tẹ̀ síwájú ju ibẹ̀ lọ; àwọn mìíràn tilẹ̀ rẹ̀yìn. Nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, gbólóhùn kan ni kẹ̀ǹbẹ̀ sábà máa ń rí gbà: ṣòkòtò gbòòrò tí kò ju ìsàlẹ̀ orúnkún lọ púpọ̀, tí à ń wọ̀ pẹ̀lú gbárìyẹ̀ tàbí dàńdógó. Òtítọ́ ni gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n kò sí télọ̀ tó lè fi í rán ṣòkòtò. Kò sọ bí aṣọ ṣe pọ̀ tó láàrin ẹsẹ̀ méjèèjì, kò sọ ibi tí ìbú ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ mọ níbi tó mọ.

Bẹ́ẹ̀, inú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ọgbọ́n wà. Ẹsẹ̀ kẹ̀ǹbẹ̀ kì í ṣe òpó méjì tí a so pọ̀ lókè bíi ti ṣòkòtò òyìnbó. Abẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, aṣọ sì wà láàrin itan méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ya ẹsẹ̀ kò ní gbọ́ kí ojú rírán ké. Ìbàdí rẹ̀ ní ihò tí okùn ń gbà yí ara ká. Bí a bá fa okùn náà, gbogbo ìbú yóò kó jọ sí ìbàdí, yóò sì tú sílẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ní ìṣẹ́po tí ẹnikẹ́ni kò fi áyọ́ọ̀nù lọ̀. Okùn yìí ló jẹ́ kí ṣòkòtò kan lè bá ọkùnrin sanra, kí ó tún bá a rù. Ẹni tó ra ṣòkòtò gbòòrò òde òní tó ní bọ́tìnnì àti síìpù kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀: ìbú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Láti Ṣókótó ni, àbí láti àpò ṣòkòtò?

Ó rọrùn láti dé ibí yìí kí a sì fi òwe pa ẹnu ọ̀rọ̀ dé: ohun tí à ń wá lọ sí Ṣókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Kí ni ọmọ Yorùbá ń wá lọ sí Milan nígbà tí kẹ̀ǹbẹ̀ wà nílé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo òwe náà báyìí, inú wọn a sì máa dùn sí i. Ṣùgbọ́n Ìlọrin ni ìlú tí irú ìlò bẹ́ẹ̀ kò ti lè dúró.

Ohùn ni òwe náà fi ń dárà: ohùn ìsàlẹ̀ ni ṣòkòtò tí à ń wọ̀, ohùn òkè ni Ṣókótó ìlú. Ní Ìlọrin, méjèèjì ti wọnú ara wọn. Lẹ́yìn tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí Ọ̀yọ́, tí ó sì fi Àlímì ṣe alátìlẹ́yìn, ọwọ́ ìran Àlímì ni àṣẹ ìlú bọ́ sí. Ọmọ rẹ̀, Abdulsalami, di Ẹ́míà àkọ́kọ́, Ìlọrin sì di ara ìjọba Ṣókótó nípasẹ̀ Gwandu. Fúlàní, Haúsá, Tápà, Kànùrí àti Yorùbá jọ ń gbé ìlú kan. Títí di òní, oyè Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkóbi àti Balógun Àlànàmú ń rántí bí àwọn ìran náà ṣe pín ìlú.

Ìlú ẹṣin ni Ìlọrin pẹ̀lú. Oríkì ìlú náà gbé ẹṣin sí ipò tí àwọn ìlú mìíràn gbé eégún sí. Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ni ẹ̀rù wọn ń ba àwọn aládùúgbò, títí Ìbàdàn fi ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Ẹni tó bá ti rí ẹlẹ́ṣin tó ń gòkè sórí gàárì níbi Dọ́bà tí wọ́n ń ṣe ní àsìkò Iléyá yóò mọ ìdí tí abẹ́ ṣòkòtò fi ní láti sọ̀ kalẹ̀, tí aṣọ fi gbọ́dọ̀ pọ̀ láàrin ẹsẹ̀. Ṣòkòtò tó fún kò lè gun ẹṣin láìfàya.

Nítorí náà, ó ṣòro láti ya kẹ̀ǹbẹ̀ kúrò lára ẹbí aṣọ gbòòrò tó tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú ẹṣin, òwò aṣálẹ̀ àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹbí kan náà tí wando àwọn Haúsá àti sirwal àwọn Lárúbáwá wà. Ohun tí a bá nínú àpò ṣòkòtò, ọ̀nà Ṣókótó ni apá kan rẹ̀ gbà wá. Èyí kò sọ kẹ̀ǹbẹ̀ di ohun àjèjì. Yorùbá rán an láti inú òfì tiwọn, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n yan ẹ̀wù tí yóò máa bá a rìn, wọ́n sì sọ ẹni tó yẹ kí ó wọ̀ ọ́ àti ìgbà tó yẹ. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé gbígbà láti ìta kì í ṣe àbùkù, bí ẹni tó gbà á bá mọ bí a ti ń tún un gé. Ẹni tó bá ń fi kẹ̀ǹbẹ̀ lé ṣòkòtò òyìnbó jáde nílùú nítorí pé ó jẹ́ àjèjì kò mọ ìtàn kẹ̀ǹbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni bóyá a ti tún ṣòkòtò òyìnbó náà gé.

Ìbú ni owó

Ohun kejì tí àwọn òǹkọ̀wé sábà ń fò ni ohun tí ìbú ń ná ni. Ìlọrin jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ìlú tí a ti ń hun òfì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì máa ń jáde láti orí òfì àwọn ọkùnrin. Ìbú rẹ̀ kì í sábà ju ìnṣì 4 sí 6 lọ. Ègé tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni aránṣọ yóò máa rán pọ̀ títí wọn yóò fi di aṣọ. Bí ègé kan bá fẹ̀ ní ìnṣì 5, ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí ó jẹ́ ìnṣì 30 yíká yóò gba ègé 6. Èyí tí ó jẹ́ ìnṣì 60 yóò gba 12. Ìyẹn ẹsẹ̀ kan ni. Ẹsẹ̀ kejì yóò gba iye kan náà. Ẹni tó bá ń wo ọkùnrin tó wọ kẹ̀ǹbẹ̀ sányán tàbí ti ẹtù lè ka iṣẹ́ ahunṣọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìbú kì í ṣe àwòrán ọlá níbẹ̀. Òun gan-an ni ọlá, ní iye tó ṣeé kà.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ìbú ṣòkòtò ti jẹ́ ọ̀rọ̀ owó àti àṣẹ. Ní àárín ọdún 1920 sí 1929, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ṣòkòtò fẹ̀ǹfẹ̀ kan jáde tí a fi orúkọ ìlú náà pè, àwọn àgbà sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1942, ìjọba dín ìwọ̀n aṣọ tí a lè fi rán kóòtù àti ṣòkòtò kù nítorí ogun. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó ń wọ zoot, tí itan ṣòkòtò rẹ̀ kún fún aṣọ, di ẹni tí à ń wò bí ọ̀dàlẹ̀, débi pé àwọn ọmọ ogun ojú omi lù wọ́n ní ìgboro Los Angeles ní oṣù kẹfà ọdún 1943. Ẹ̀sùn tí a fi kàn wọ́n ni pé wọ́n na aṣọ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní Ìlọrin àtijọ́, ohun kan náà ni yóò mú kí a kí ọkùnrin pé ó kú oríire.

Lónìí, aṣọ ilé-iṣẹ́ ti sọ ìbú di ọ̀pọ̀. Ọ̀pá kan gínní tàbí ánkárá fẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ègé òfì tí a rán pọ̀ lọ. Ìbú kò tún fi ọlá hàn fúnra rẹ̀ mọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ṣòkòtò gbòòrò tí wọ́n ń rán lónìí ti kùnà: wọ́n fi aṣọ kún un, wọn kò fi ìgé kún un, ó sì wá rí bí àpò gàárì tí a dá ẹsẹ̀ sí. Nígbà tí ìbú wọ́n, ìbú nìkan tó. Nígbà tí ìbú ti pọ̀, àfi kí ọgbọ́n gbé e ró.

Ìdánwò mẹ́ta

Bí a bá tún kẹ̀ǹbẹ̀ kà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí ìṣòro, ìdánwò mẹ́ta ni a óò rí nínú rẹ̀: kí ó bo ni, kí ó jẹ́ kí a rìn, kí ó sì yẹ ni.

Ti ìbora ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà pé láti ìdodo dé orúnkún ni ibi tí ọkùnrin gbọ́dọ̀ bò, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí aṣọ ọkùnrin má wọ́lẹ̀ kọjá kókósẹ̀. Kẹ̀ǹbẹ̀ mọ ní àárín ààlà méjèèjì yìí. Ó kọjá orúnkún, kò dé kókósẹ̀, ìbú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ara yọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ìlú tí ẹ̀sìn yìí jinlẹ̀ nínú rẹ̀ bá gba kẹ̀ǹbẹ̀ mọ́ra, kò yẹ kó yà ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìwọ̀n rẹ̀ bá òfin ẹ̀sìn mu, ó sì bá àṣà mu, láìjẹ́ pé ọ̀kan yẹ̀ fún èkejì.

Ti ìrìn ni ìkejì. Ẹni tó ń kírun nígbà márùn-ún lójúmọ́ ń tẹ̀, ó ń forí kanlẹ̀, ó ń jókòó lórí ẹsẹ̀, ó sì ń dìde lẹ́ẹ̀kan síi. Ẹni tó bá lóṣòó kí àgbà náà mọ ohun tí ṣòkòtò tó fún ń ṣe fún orúnkún. Ẹnìkan lè sọ pé ìgbà ẹṣin ti kọjá, pé kẹ̀ǹbẹ̀ ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a yà sórí gàárì ni à ń yà sórí ọ̀kadà, ìforíkanlẹ̀ kò sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ṣòkòtò gbòòrò tó gùn dé ilẹ̀ ń gbá ẹrẹ̀ ọjà nígbà òjò, ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè kó sínú táyà alùpùpù. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, kí ó jẹ́ kí télọ̀ gé e mọ sókè ọrùn ẹsẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí kò jáde láti inú oge nìkan. Ilẹ̀ ìlú ló fà á.

Ti ìyẹni ni ìkẹta, òun ló sì ṣòro jù. Àwọn àgbà ní gèlè kò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò dàbí kó yẹ ni. Ìpele mẹ́ta ni òwe náà gbé kalẹ̀: níní, mímọ̀, àti yíyẹ. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn lórí ṣòkòtò gbòòrò kò kọjá ìpele kejì. Ó ní kí ẹ̀wù òkè fún bí ṣòkòtò bá fẹ̀, bí ẹni pé òfin ni. Àṣà Yorùbá kò gba òfin náà wọlé bẹ́ẹ̀. Gbárìyẹ̀ fẹ̀, kẹ̀ǹbẹ̀ fẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń bá ara wọn rìn. Ìdí ni pé gbárìyẹ̀ kò gùn bo kẹ̀ǹbẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ̀ǹbẹ̀ kò sì bo ojúgun mọ́lẹ̀: ibi kan ṣì wà tí ara ti yọ, tí ojú fi mọ̀ pé ènìyàn ló wà nínú aṣọ. Agbádá ńlá ẹ̀wẹ̀ gùn, ó sì bo gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ sóóró, nítorí ìbú kẹ̀ǹbẹ̀ lábẹ́ agbádá yóò di òfo tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ìlànà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé kí ìbú má ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé kí ìbú kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ojú yóò ti rí òpin rẹ̀.

Ìlànà yìí ṣeé lò fún ṣòkòtò òde òní. Bí ṣòkòtò bá fẹ̀ tí ó sì gùn, bùbá kúkúrú tí kò kọjá ìbàdí ni yóò yẹ ẹ́, tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tí a kì bọ inú ṣòkòtò, kí ojú lè rí ibi tí ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ga kò gbọ́dọ̀ sá fún ìbú. Gígùn tó wọ́lẹ̀ ni kí ó sá fún. Sálúbàtà tó fi ẹsẹ̀ hàn yóò ṣe iṣẹ́ tí ojúgun ń ṣe fún kẹ̀ǹbẹ̀. Aṣọ náà ní ohùn tirẹ̀: òfì wúwo, ó ń dúró níbi tí a bá gbé e sí, ánkárá tuntun a máa wú, aṣọ rírọ̀ a máa ṣàn tẹ̀ lé ìrìn. Télọ̀ tó bá fi ìgé òfì gé aṣọ rírọ̀ ti ba aṣọ jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé téèpù rẹ̀ kò ṣìnà.

Ẹjọ́ àgbà àti ọ̀dọ́

Òṣùwọ̀n mẹ́ta wọ̀nyí ṣe pàtàkì nítorí ẹjọ́ kan tó ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé, nínú mọ́sálásí àti nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ṣòkòtò ọ̀dọ́ fún, àwọn àgbà ní ó ń fi ìtìjú hàn. Nígbà tí ó fẹ̀, wọ́n ní ìpáǹle ló ń wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ a sì máa rán àwọn àgbà létí pé àwọn náà wọ bóńgò ní ọdún 1970 síwájú, tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ẹjọ́ tí kò ní òṣùwọ̀n, ariwo ni yóò máa jẹ́.

Bí a bá fi ìdánwò mẹ́ta náà wò ó, ẹjọ́ yóò yí padà. Ṣòkòtò tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí, tí àwọ̀tẹ́lẹ̀ fi yọ síta, kùnà nínú ìbora. Kì í ṣe ìbú rẹ̀ ló jẹ̀bi. Bóńgò bo ni, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ fún, ẹnu rẹ̀ ló fẹ̀. Ibi tí ìrìn ti nílò àyè kọ́ ni ó fi àyè sí. Èyí tó fún mọ́ ara pinpin kùnà nínú ìdánwò méjì. Ṣòkòtò gbòòrò tí a gé dáadáa, tí okùn tàbí bẹ́líìtì dì mọ́ ìbàdí, tí kò sì wọ́lẹ̀, yege nínú gbogbo rẹ̀, yálà orúkọ òyìnbó ló ń jẹ́ tàbí ti Yorùbá. Àgbà tó bá dá irú rẹ̀ lẹ́bi ń dá kẹ̀ǹbẹ̀ baba rẹ̀ lẹ́bi láìmọ̀. Ọ̀dọ́ tó bá sì rò pé ìbú nìkan ti tó láti fi gbèjà ara rẹ̀ kò tíì mọ ohun tí kẹ̀ǹbẹ̀ ń ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

Ewu tó wà lórí kẹ̀ǹbẹ̀ kì í ṣe pé a óò gbàgbé orúkọ rẹ̀. Orúkọ wà nínú ìwé, àwòrán wà nínú fíìmù. Àwọn onílù, oníjó àti òṣèré ṣì ń wọ̀ ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó a sì máa dá a bí ẹgbẹ́jọdá. Àmọ́, aṣọ tó bá ti di ti orí ìtàgé nìkan kò ní ìdánwò mọ́. Kò sí ẹni tó ń fi í kírun, kò sí ẹni tó ń fi í ná ọjà nínú òjò, kò sí ẹni tí yóò dá a padà fún télọ̀ pé abẹ́ rẹ̀ fún. Télọ̀ a wá máa rán ohun tó jọ kẹ̀ǹbẹ̀ lókèèrè. Bí ìran télọ̀ tó mọ ìgé náà bá kọjá lọ, gbólóhùn kan inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní lè dá a padà.

Iṣẹ́ tó wà níwájú àwọn onímọ̀ àṣà Yorùbá kò ju agbára lọ. Kí wọ́n gbé téèpù lọ sí ìdí ìsọ̀ télọ̀ ní Ọjà-Ọba àti ní àwọn ìlú mìíràn. Kí wọ́n kọ ìbú, gígùn, ìsọ̀kalẹ̀ abẹ́ àti bí okùn ṣe ń gba ìbàdí kọjá. Kí wọ́n gba orúkọ tí àwọn aránṣọ ń pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣòkòtò, kí wọ́n sì bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń gé e bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́ tó ń wá bí yóò ṣe wọ ṣòkòtò gbòòrò yóò rí ìmọ̀ràn tí kò gba òkè òkun wá, tí ó sì ṣeé gbé fún télọ̀.